Dírílì Ni Tàbí Mílíìnì?

Ní ìlú Òmù-Àrán, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ó ṣòro kí ènìyàn ná ọjà kan láìgbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí ń lọ ata tàbí tí ń rin gbágùúdá. Irin ni gbogbo wọn. Irin a sì máa jẹ, a máa ṣẹ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ irin ni a ń gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣọ̀wọ́n kí oníṣẹ́ irin tún un ṣe láìlu ihò kan tàbí méjì. Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé dírílì orí òpó, èyí tí a ń fi apá kan fà wálẹ̀, ni ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ rà. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún un rò. Bí owó bá tó fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, mílíìnì kékeré ni ó yẹ kí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rà, kí ó sì máa fi lu ihò pẹ̀lú.

Dírílì kò mọ̀ ju ọ̀nà kan lọ: ìsàlẹ̀. Mílíìnì jọ ọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun náà ní òpó, ó ní orí, ó sì ní ọ̀pá tí ń yí bírí. Ṣùgbọ́n tábìlì tirẹ̀ a máa rìn síwájú sẹ́yìn, a sì máa rìn sọ́tùn-ún sósì, bí oníṣẹ́ bá ti ń yí ọwọ́ rẹ̀. A ti fín ìwọ̀n sára ọwọ́ yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè sún irin ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà láìṣì í. Ẹni tí ó fẹ́ lu ihò mẹ́rin tí yóò bá ti béárìn mu kò ní láti máa fi ojú wọ̀n ọ́n. Yóò lu èkíní, yóò ka ìwọ̀n, yóò sì lu èkejì.

Ohun mìíràn tún wà tí dírílì kò lè ṣe rárá. Lára ṣáàfùtù ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá, a ní láti gé ojú gbọọrọ kan níbi tí irin kékeré tí a ń pè ní kíì yóò ti di púlè mú, kí púlè má baà máa yí lásán. Iṣẹ́ mílíìnì nìyí. Òwe tí ó wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, kò bá ẹ̀rọ méjèèjì yìí mu, nítorí pé ọwọ́ mílíìnì tó pẹpẹ, ó sì wọ akèrègbè. Ní 1862 ni Joseph R. Brown ní Amẹ́ríkà ṣe irú mílíìnì kan jáde. Ohun tí ó sì sún un ṣe é ni láti gé ojú lílọ́ tí ó wà lára irin tí dírílì fi ń lu ihò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń fi fáìlì gé tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan a máa yí ọ̀rọ̀ náà po, wọn a fẹ́ fi dírílì ṣe iṣẹ́ mílíìnì nítorí pé òun ni wọ́n ní. Ewu ńlá ni. Ní ọ̀pọ̀ dírílì, èèkàn ṣóńṣó tí a tì bọ inú ihò ni ó gbé ṣọ́ọ̀kì dúró. Kò sí ìdè kankan. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, títẹ̀ náà ni ó túbọ̀ ń tì í wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ti irin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbọ̀nrìrì lè tú u, yóò sì já bọ́ níbi tí ó ti ń yí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ti mílíìnì ní irin gígùn kan tí ó gba inú ọ̀pá rẹ̀ kọjá láti òkè, tí ó sì dì í mú gbọnyin.

A kò gbọdọ̀ fi àbùkù mílíìnì kékeré pamọ́. Ààyè tí ó wà láàárín orí rẹ̀ àti tábìlì kò pọ̀. Bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì àti irin ìluhò gígùn sí i, ó lè ṣẹ́ kù díẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Èyí tí òpó rẹ̀ rí roboto tún ní wàhálà tirẹ̀: bí a bá gbé orí rẹ̀ sókè láti pààrọ̀ irin, orí náà yóò yí kúrò lójú ibi tí a ti wọ̀n ọ́n sí, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ọgbà àti férémù ńláńlá ni iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ kò ní ohun tí yóò fi mílíìnì kékeré ṣe. Kí ó ra dírílì. Èyíkéyìí tí a bá sì lò, ìwọ̀n yíyí kò yí padà: irin ìluhò mìlímítà 6 lè yí nǹkan bí ìgbà 1,300 ní ìṣẹ́jú kan nínú irin rírọ̀, ti mìlímítà 12 kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 650 lọ. Kí a fi báìsì di irin mú, kí a má fi ọwọ́ dì í; kí a sì ká apá bùbá sókè dáadáa.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn tí ó gbẹ́ ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tí iye wọn ju 800 lọ, tí wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, kò ní ẹ̀rọ kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n gbẹ́ rọ̀, ṣáàfùtù kò rọ̀.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àwọn ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1982, ìjọba ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ láti òkè òkun fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní ibi púpọ̀, kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Inú àpótí ni wọ́n wà títí tí ìpẹtà fi jẹ wọ́n. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gbèrò àtira ẹ̀rọ méjì lónìí ìbá kúkú ra mílíìnì kan ṣoṣo, kí ó fi owó tí ó kù ra jẹnẹrétọ̀, kí ó sì fi san owó oṣù olùkọ́ kan tí yóò máa tan ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́.