Ẹ Má Sọ Pé Ó Ń Sùn

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì kí ó tó lọ sí London ló sọ ìtàn yìí fún mi lórí fóònù. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n kóra jọ sí yàrá ẹnì kan ní Vauxhall lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nílé ijó. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni gbogbo wọn, òun náà pẹ̀lú. Nígbà tó di ìdájí, ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń hanrun. Ẹnì kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń sùn ni." Ọ̀rẹ́ mi jí i títí, kò jí. Ló bá pe 999. Kí áńbúláǹsì tó dé, mẹ́ta ti wọ bàtà, wọ́n ti sá lọ. Ọmọ náà kò kú.

Àwọn mẹ́ta tó sá yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

G ni wọ́n mu, ìyẹn GHB tàbí ìbátan rẹ̀, GBL. Omi lásán ló jọ. Ìwọ̀n tó ń múnú ẹni dùn àti ìwọ̀n tó ń pani kò jìnnà síra rárá, pàápàá tí ọtí bá ti wà níkùn. Ẹni tó ń hanrun yẹn lè máa lọ síbi tí èémí rẹ̀ yóò ti dúró.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọ̀rẹ́ burúkú ló ń kó ni sí oògùn olóró, pé kí èèyàn sá fún wọn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, tí kò ní ju àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe fàájì yìí lọ, níbo ni kó sá lọ? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tó lé e ni?

Mi ò ka àwọn mẹ́ta yẹn sí ìkà. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ní April 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ìjìyà ẹni tí wọ́n bá ká GHB mọ́ lọ́wọ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5, dípò 2. Mo mọ ohun tó bí i. Láàárín 2014 sí 2015, Stephen Port fi GHB pa ọ̀dọ́mọkùnrin 4 ní Barking. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí òkú wọn, ṣebí àwọn ọlọ́pàá gbà pé àwọn ọmọ náà ló fúnra wọn lo oògùn jù. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní December 2021, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe ọlọ́pàá wà lára ohun tó pa 3 nínú wọn. Ohùn kan náà ni pẹ̀lú ti inú yàrá Vauxhall: ẹ fi í sílẹ̀, oògùn ni.

Nílé wa ńkọ́? Òfin 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ tàbí kílọ́ọ̀bù wọn. Ní 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, l'Ékòó. Ẹni tó bá gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dákú látinú irú àríyá bẹ́ẹ̀ dé ọsibítù, ìbéèrè tó ń bà á lẹ́rù jù ni, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

New Mexico ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin láti 2007 pé wọn kò ní fẹ̀sùn níní oògùn kan ẹni tó pè fún ìrànlọ́wọ́ nítorí ẹni tí oògùn gbé ṣubú. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a máa jà fún. Kó tó dé, ẹ yí onítọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pe dókítà, ẹ má sì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ṣì jọ ń jáde. Kí wọ́n tó kúrò nílé báyìí, wọ́n á yan ẹnì kan tí kò ní fẹnu kan nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó sá ló kàn.