Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, Nípa Ojú Irin Ifọ̀ sí Ìlaròó

Ọlọ́lá Jùlọ,

Ọmọ Ìlaròó ni mí, ọmọ Ọ̀rọ̀nà, ọ̀rọ̀ irin méjì ló sì gbé mi wá síwájú yín: irin tó sùn sínú igbó láti Ifọ̀ títí dé Ìlaròó, tó gba ibẹ̀ lọ sí Ìdógò, tí koríko ti bò, tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ láàárín rẹ̀ bí ẹni pé torí tirẹ̀ ni Òyìnbó ṣe tẹ́ ẹ.

Nígbà èwe mi, bí ìyá mi bá fẹ́ lọ ta gàrí l'Ékòó, òru ni yóò ti fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, tí yóò di ẹrù rẹ̀, èmi a sì ru àpótí ìjókòó tẹ̀lé e dé títẹ́ṣàn. Gáàdì a ju àsíá, ọkọ̀ a ké, ilẹ̀ a mì tìtì, àwọn obìnrin a sì máa pe ara wọn láti fèrèsé dé fèrèsé: "Ìyá Ìbejì, ṣé o ráyè?" "Mo ráyè, gbé agbọ̀n ẹ bọ̀!" Kí ọkọ̀ tó dé Ifọ̀, wọ́n ti fẹnu kò sí iye tí wọn yóò tà á, débi pé kò sí alárobọ̀ Èkó tó lè yọ ọ̀kan lára wọn sọ́tọ̀ rẹ́ jẹ. (Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí mo ti wọ̀ láyé, n kò tíì rí èyí tó gún tó ti orí ìjókòó onípákó yẹn.)

Títì nìkan ló kù fún wa báyìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àjàgbé sìmẹ́ńtì láti Ìbèṣè, ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìlaròó, ọ̀kadà àti alágbọ̀n gàrí, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń dù ú.

Mo mọ èyí tí àwọn olùdámọ̀ràn yín yóò wí, pé ìjọba àpapọ̀ ló ni rélùwéè. Òótọ́ àná nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ tó fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin lórí rélùwéè tó bá wà láàárín ààlà rẹ̀. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀, Ọlọ́lá: Ifọ̀, Ìlaròó, Ìdógò, èwo ni kò sí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nínú wọn? Irin tó wà nílẹ̀ ṣì jẹ́ ti Iléeṣẹ́ Rélùwéè Nàìjíríà, ẹ óò sì ní láti bá wọn jókòó. Ṣùgbọ́n àgò là ń ké kí onílé tó ṣílẹ̀kùn, a kì í dúró síta kí a máa retí pé yóò lá wa lálàá.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A kò ní kí ẹ dá ọkọ̀ eléèédú padà. Láti 2021 ni ọkọ̀ tuntun ti ń gba Kájọlà àti Papalanto kọjá láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀bá ilé wa gan-an, tí kò sì yà. Irin rẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ, mìlímítà 1,435 sí 1,067, nítorí náà èrò yóò sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta lónìí kó tó dé Èkó kò ní ka ìyẹn sí ìyà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Sìkọ́tílándì hàn yín. Ní oṣù kìíní ọdún 1969 ni wọ́n ti ọ̀nà rélùwéè tó ti Edinburgh gba Hawick lọ sí Carlisle. Inú bí ará Hawick débi pé wọ́n gbé pósí sínú ọkọ̀ ìkẹyìn, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé e fún mínísítà ètò ìrìnnà. Ní Newcastleton, ará abúlé fi ara dí ọkọ̀ náà lóru. Wọn kò rí i gbà. Ọdún 46 kọjá kí ọkọ̀ èrò tó tún rìn níbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2015, nǹkan bí máìlì 30 péré, tó pin sí Tweedbank. Kò dé Hawick tó gbé pósí. Láàárín ọdún kan péré, ìrìn-àjò tí wọ́n kà lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Àmọ́ owó ńlá ni wọ́n ná, nítorí pé láàárín ìgbà tí ọ̀nà náà fi sùn, wọ́n ti fi títì gé e, àwọn mìíràn sì ti kọ́lé lé e lórí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ rán àwọn awọnlẹ̀ jáde kí òjò tó dé, kí wọ́n ri òkúta ààlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin náà láti Ifọ̀ dé Ìdógò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí ìwé ilé kíkọ́ gbà lórí rẹ̀ mọ́. Irin, a lè rà á lọ́la.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ sọ̀ ní Ifọ̀, n óò mú yín rìn ín. Ẹ wọ bàtà tó le, nítorí ẹ̀gún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìlaròó kan