Bùkátà Ilé: Òfin Ni Tàbí Àdéhùn?

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa ní takọtabo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé ẹjọ́ tọkọtaya kan wá bá àwa aáfà. Ìyàwó ń tajà, ọkọ ń ṣiṣẹ́ oṣù. Kí wọ́n tó so yìgì, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé olúkúlùkù ni yóò máa bọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, tí ọjà obìnrin náà sì dẹnu kọlẹ̀, ó ní kí ọkọ mú owó oúnjẹ wá. Ni ọkọ bá na ìwé síta, ó ní: "Àdéhùn wa rè é. Ṣebí Àlùkùránì ni ó ní kí á mú àdéhùn ṣẹ?" Ohun tí ó dùn wá ni pé àwọn àgbà kan tí ó jókòó níbẹ̀ ń mi orí sí i.

Àwa kò mi orí. Lóòótọ́ ni àṣẹ yẹn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Maidah. Ṣùgbọ́n kí á tó sọ ọ́ di pàṣán, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè pé níbo ni bùkátà ilé ti wá. Ṣé láti ẹnu tọkọtaya ni, tàbí láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun tí ó ṣòfin?

Ẹ jẹ́ kí á fi sàdáàkì wò ó. Òfin ni ó ní kí ọkọ san án (Súrà An-Nisaa, ẹsẹ 4). Àdéhùn ni ó ń sọ iye rẹ̀. Bí wọn kò bá dárúkọ iye kankan lọ́jọ́ yìgì, tí wọ́n sì ti wọlé pọ̀, gbèsè náà kò bọ́ lọ́rùn ọkọ. Iye tí wọ́n ń san lórí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni yóò san. Bí ó bá jẹ́ pé àdéhùn nìkan ni ó bí gbèsè yìí, báwo ni ènìyàn ṣe ń jẹ gbèsè tí ẹnu kankan kò dá?

Bákan náà ni bùkátà. Yìgì ni ilẹ̀kùn, a kì í sì í fi tipátipá ti ẹnikẹ́ni wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọlé, òfin onílé ni yóò tẹ̀lé. Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 233, gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọmọ lé bàbá lọ́wọ́. Súrà At-Talaq, ẹsẹ 7, ní kí olówó ná bí ọwọ́ rẹ̀ ti tó, kí ẹni tí kò ní púpọ̀ ná níwọ̀n ohun tí Ọlọ́hun fún un. Nígbà tí Hind wá fi ahun Abu Sufyan ọkọ rẹ̀ sùn, Ànábì kò bi í léèrè ìwé àdéhùn. Ó yọ̀ǹda fún un kí ó mú ohun tí yóò tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ, níwọ̀n tí ó tọ́.

Àdéhùn tí ó bá ta ko òfin ńkọ́? Ẹ rántí Barirah, ẹrúbìnrin tí ìyá wa Aisha fẹ́ rà kí ó lè dá a sílẹ̀. Àwọn olówó rẹ̀ ní àwọn gbà, bí ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tí ó dá ẹrú sílẹ̀ bá lè jẹ́ tàwọn. Ànábì kéde láàárín àwùjọ pé májẹ̀mú tí kò bá òfin Ọlọ́hun mu, òfo ni, ìbáà tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn aáfà Maliki, tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, sì sọ nípa yìgì tí a so lórí pé ọkọ kò ní bọ́ ìyàwó pé kí á tú u bí wọn kò bá tíì wọlé pọ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé pọ̀, yìgì dúró, májẹ̀mú dànù.

A kò sọ pé àdéhùn kò wúlò. Gbèsè ọjà àti owó iṣẹ́ lébìrà, àdéhùn ni ó bí wọn, ẹni tí ó bá sì yẹ̀ ẹ́ ti ṣẹ̀. Obìnrin tí ó bá sì fi tinútinú ná owó ara rẹ̀ sílé ọkọ, yóò gba ẹ̀san. Ṣùgbọ́n ọrẹ ni ìyẹn. Ẹni tí ó ta ọ́ lọ́rẹ lónìí kò bá ọ ta ọ̀la rẹ̀.

Èyí tí ó wá burú jù ni ti ọmọ. Ọmọ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé. Kò fọwọ́ sí i, kò tẹ̀ka sí i. Bí ìyá bá tilẹ̀ fi ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ta ni ó ní kí ó fi ti ọmọ tọrẹ? Ìjọba pàápàá mọ èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ níwọ̀n agbára wọn. Kò fi kún un pé "bí wọ́n bá fẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin wa, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá tíì ká bùkátà, kí ó gba ààwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti là á sílẹ̀, kí ó má fi ìwé dí ojú òfin. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ máa wádìí ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ síwèé kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Ní ti ọkọ tí a wí, a dá ìwé rẹ̀ padà fún un, a sì ní kí ó máa mú owó oúnjẹ wá láti oṣù náà. Ó bínú jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù parí, ó mú un wá.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Àmín.