Ilé Ẹ̀wọ̀n Kì í Sọ Pé Òun Ti Kún

Ẹ̀yin ará ilé, àwa tá a ń gbé Anoumabo mọ ìró kágò ọlọ́pàá. Bó bá ti yà wọ àdúgbò lálẹ́ Sátidé, àwọn ọmọkùnrin tó jókòó síwájú maquis á fọ́n ká, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ wọn. Ẹni tó jí fóònù, ẹni tó ń jà, ẹni tí kò rí ìwé ìdánimọ̀ fi hàn, ẹni tó kàn dúró síbi tí kò yẹ kó dúró, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n á kó gbogbo wọn sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohun tá a máa ń bi ara wa ni pé ta ni wọ́n mú, kí ló ṣe, ta ló máa lọ bá a bẹ̀bẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé: níbo ni wọ́n máa kó wọn sí, ta ni yóò sì máa ṣọ́ wọn?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí, torí ó kan abọ́ oúnjẹ tí ẹ máa gbé lọ sí Yopougon.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n mú ló ń dé ẹ̀wọ̀n. Òfin gbà kí ọlọ́pàá dá ènìyàn dúró fún wákàtí 48, kí wọ́n sì fi 48 mìíràn kún un bí agbẹjọ́rò ìjọba bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọn ò bá tú u sílẹ̀, ó di ilé ẹjọ́ ní Plateau. Bí adájọ́ bá sì ti kọ mandat de dépôt, ó di MACA nìyẹn, lẹ́bàá igbó Banco. Wọ́n ti yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Pôle pénitentiaire d'Abidjan, ṣùgbọ́n MACA la ṣì ń pè é. Ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọ, fún ènìyàn 1,500. Iye àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ti kọjá 5,000 láti ọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Yorùbá ya àtìmọ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀wọ̀n: ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ń retí ẹjọ́, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ti gba ìdájọ́. Faransé náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Maison d'arrêt ni ti ẹni tó ń retí ẹjọ́, maison de correction ni ti ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ MACA lẹ́ẹ̀kan sí i: Maison d'arrêt et de correction. Wọ́n so ilé méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ọmọ tí wọ́n kó ní Sátidé, tí adájọ́ kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀, ọgbà kan náà ló wà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n ogún ọdún.

Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá kún, wọ́n á ní kò sí yàrá. Bí ọsibítù bá kún, wọ́n á ní ká máa lọ síbòmíràn. Wọ́dà tó wà lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé, tí ìwé adájọ́ sì pé, dandan ni kó ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe òun ló mú ènìyàn, kì í ṣe òun ló dájọ́, kò sì lágbára láti tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Kì í ṣe iye MACA o, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá ló ń wọlé lójúmọ́. Bí oṣù kan péré bá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lò, 300 ni ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́. Bó bá jẹ́ oṣù 18 ni wọ́n lò, wọ́n á di 5,400. Ọlọ́pàá kò mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mẹ́wàá náà ni. Ìdúró ló gùn. Mi ò sì ṣàdédé mú oṣù 18. Òun ni òpin tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ti ọdún 2018 fi sí àtìmọ́lé fún ẹ̀sùn tí kò tó ọ̀ràn ńlá: oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè máa sún un síwájú títí á fi pé 18. Fún ọ̀ràn ńlá, oṣù mẹ́jọ ni ìbẹ̀rẹ̀, 24 ni òpin.

Nítorí náà ni n kì í fi í bá àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba ṣáà kọ́lé sí i sọ̀rọ̀ pẹ́. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2011, nígbà ogun tó tẹ̀lé ìbò, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sá jáde, MACA sì ṣófo. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n tó tún un ṣí. Ilé òfìfo, ẹ rò ó wò. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti kún kọjá ààlà.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wọ́dà. Òun ló ń ka ènìyàn, òun ló ń ṣọ́ oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń pín in, òun ló ń gbé aláìsàn jáde, òun ló ń kó àwọn tí adájọ́ pè lọ sí kóòtù, òun náà ló ń yẹ abọ́ tí ẹ gbé wá wò. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá di ìlọ́po mẹ́ta, tí wọ́dà kò di ìlọ́po mẹ́ta, ó ní iṣẹ́ tó máa bọ́ sílẹ̀. Èyí tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ ni wíwọ inú lọ́hùn-ún. Wọ́dà á máa ṣọ́ géètì, inú ọgbà á di ti ẹlẹ́wọ̀n tó bá lágbára jù. Bí ẹni tí wọ́n ń pè ní Yacou le Chinois ṣe di ọba nínú MACA nìyẹn, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2016, ìbọn dún nínú ọgbà. Wọ́n pa á, àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn kú, wọ́dà kan náà sì kú. Gbogbo Abidjan ló mọ orúkọ Yacou. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Anoumabo lórúkọ wọ́dà yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá láti Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ máa ń sọ pé nílé ló dáa jù. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Òfin ọdún 2019 tó sọ Nigerian Prisons Service di Nigerian Correctional Service fún wọ́dà lẹ́nu: abala 12 ní bí ọgbà bá ti kún, ọ̀gá wọn ní ìpínlẹ̀ lè kọ̀ láti gba ẹlòmíràn. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún kan náà, iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún ní Ìkòyí, l'Ékòó. Wọ́n kọ́ ọgbà yẹn fún 800, àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà lé ní 3,000. Wọ́dà wo ló máa dá ọkọ̀ tí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ padà?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kòrónà, Ààrẹ Ouattara dárí ji àwọn ẹlẹ́wọ̀n, èyí tó sì lé ní 1,000 ló rí ìdáǹdè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n à ń gbọ́n omi kúrò nínú ilé, ẹ̀rọ omi ṣì wà ní ṣíṣí.

Ohun tí ìdílé lè ṣe kò pọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é náà. Bí wọ́n bá mú ẹni yín, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé àtìmọ́lé, ẹ gba nọ́ńbà fáìlì rẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́fà lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ fi bírò pupa yí ọjọ́ náà ká. Kó tó pé, kí lọ́yà ti kọ̀wé béèrè ìtúsílẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kéré, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa travail d'intérêt général, iṣẹ́ ìlú tí òfin ti gbà dípò ẹ̀wọ̀n. Ẹ má retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fi lọ̀ yín.

Bí ẹ bá sì dé Yopougon, ẹ kí wọ́dà tó ń yẹ abọ́ yín wò. Láti àárọ̀ ló ti ń ka ènìyàn.