Kí Ni Ọmọ Yín Ń Kó Sórí Fóònù Yín?

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyá ń wá fóònù rẹ̀ kó lè fi owó ọjà ránṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ ọmọ ni fóònù wà. Ọmọ bẹ̀bẹ̀ pé: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀ kó wà jáde tán.” Kí ló ń wà jáde? Ó ní géèmù bọ́ọ̀lù ni, èyí tó ní jẹ́sì tuntun àtàwọn agbábọ́ọ̀lù ọdún yìí. Ìyá mí kanlẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń dà á láàmú. Orí fóònù yẹn kan náà ni áàpù báńkì rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ilé ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń wáyé. Bí òbí bá mọ ohun tí ọmọ ń ṣe gan-an, kò ní máa fòfin de ohun tí kò léwu, kò sì ní gba èyí tó léwu láyè.

Ẹ̀rọ àtijọ́ nínú fóònù òde òní

Ní December 2004, ilé iṣẹ́ Sony gbé PSP jáde ní Japan. Ẹ̀rọ géèmù téèyàn lè fi ọwọ́ méjì dì mú ni. Sony kò ṣe é mọ́ báyìí, àmọ́ àwọn géèmù rẹ̀ kò tíì kú. Ní 2012, Henrik Rydgård tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sweden gbé áàpù PPSSPP jáde. Irú áàpù yìí ni wọ́n ń pè ní emulator, torí ó máa ń mú kí fóònù ṣe bíi PSP. Èèyàn lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù tí kò wọ́n púpọ̀ sì lè gbé e. Abájọ táwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára àtira ẹ̀rọ géèmù olówó ńlá fi fẹ́ràn rẹ̀.

PES 2014 wà lára àwọn géèmù bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn lórí PSP. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Torí náà, àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ náà máa ń pààrọ̀ jẹ́sì, orúkọ àti ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mod.

Mod kì í ṣe áàpù

Ohun tó yẹ kí gbogbo òbí dì mú nìyí: mod kì í ṣe áàpù. Àkójọ fáìlì lásán ni, wọ́n kàn máa ń kó o síbi tí PPSSPP ti máa rí i ni. Fódà kan wà tó ń jẹ́ PSP. Nínú rẹ̀, TEXTURES wà fún àwòrán tuntun, SAVEDATA sì wà fún ibi tí ọmọ bá géèmù dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé:

● Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ìdánimọ̀ géèmù náà. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà márùn-ún ni. ULUS jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ULES jẹ́ ti Yúróòpù, ULJM sì jẹ́ ti Japan. Mod tí wọ́n ṣe fún ULUS kì í sábà bá ULES mu. Ibí yìí ni dátà ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣòfò.

● Ẹ ṣe ẹ̀dà fódà SAVEDATA kẹ́ ẹ tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

● Ẹ tú fáìlì ZIP náà, kẹ́ ẹ sì gbé fódà tó ní àmì ìdánimọ̀ géèmù náà sínú TEXTURES. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Developer tools, kẹ́ ẹ sì tan Replace textures. Bí géèmù bá wá ń fà, ẹ pa á. Àwòrán àtilẹ̀wá á pa dà.

Ibi tí ewu wà

Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ọmọ ń kánjú. Wọ́n á ní kó fi áàpù méjì sórí fóònù kó tó rí ọ̀rọ̀ aṣínà gbà. Tàbí kí ohun tí wọ́n pè ní mod jẹ́ fáìlì tó parí sí .apk, tá a wá máa tọrọ àyè láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Kí ni jẹ́sì bọ́ọ̀lù fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ṣe?

Orí Google Play tàbí ppsspp.org ni kẹ́ ẹ ti gba PPSSPP fúnra rẹ̀. Bí .apk bá jáde látinú mod, ẹ má ṣí i. Bí ọmọ bá ti ṣí i, ẹ pa dátà, ẹ yọ áàpù náà kúrò, ẹ fi fóònù míì pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín pa dà.

Ẹ tún ṣàlàyé fọ́mọ pé PPSSPP kì í gbé géèmù kankan wá. Àwọn tó ṣe géèmù ló ni ín, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ló jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn géèmù kan wà tí àwọn tó ṣe wọ́n fúnra wọn yọ̀ǹda fún gbogbo èèyàn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ló mọ ibi tí TEXTURES wà. Ìyá ló sì mọ bí oníjìbìtì ṣe ń sọ̀rọ̀. Torí náà, kí ìyá tó já fóònù gbà lọ́sàn-án Sátidé, kó béèrè ìbéèrè kan: “Fáìlì tó ò ń wà jáde yẹn, kí ló parí sí?” Bó bá jẹ́ .zip, kó jókòó ti ọmọ, kí wọ́n jọ tú u wò. Bó bá jẹ́ .apk, kó gba fóònù rẹ̀.