Ṣẹ́ẹ̀tì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé

Bí ìwé ìpè àsè bá dé tí wọ́n kọ white tie sí i, kóòtù onírù ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kọ́kọ́ máa ń sáré wá. Wọ́n á wá ibi tí wọ́n ti ń yá a, wọ́n á wọn èjìká, wọ́n á wọn apá, wọ́n á yẹ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò wò bóyá ọ̀já sílíkì méjì ló wà níbẹ̀ tàbí ẹyọ kan. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àsè kí wọ́n tó rántí ṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á mú. Láìfepo bọyọ̀, èmi gbà pé wọ́n ti fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìmúra alẹ́ tó ga jù tí àwọn Òyìnbó ní fún ọkùnrin, ṣẹ́ẹ̀tì ni olórí, kọ́là sì ni ojú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjèèjì, kí ó yá kóòtù, kí ó ra ṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán kóòtù náà. Kì í pàdé níwájú. Bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ti ọ̀ṣọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń dè é. Iwájú rẹ̀ kò kọjá ìbàdí. Ẹ̀yìn nìkan ni ìrù rẹ̀ ti gùn dé ìtòsí orúnkún. Nítorí náà, láti ìbàdí dé àgbọ̀n, funfun ni gbogbo ohun tí ẹni tó dúró níwájú yín ń rí: wéskóòtù funfun, àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì funfun, kọ́là funfun. Súùtù ọ́fíìsì lè ṣàánú ṣẹ́ẹ̀tì tó rún. Ẹ de bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kí táì gígùn bo ìyókù, ó parí. Kóòtù onírù kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́n jù lọ́jà, bí ṣẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ bá rọ̀ jọwọlọ, aṣọ àyálò ni yóò jọ. Èyí tí wọ́n yá, bí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá le, tó mọ́, tó dúró ṣánṣán, yóò gbé ẹni tó wọ̀ ọ́ yọ.

Ìtàn ìmúra yìí gbè mí lẹ́yìn. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó bẹ̀rẹ̀, sílíkì aláràbarà àti iṣẹ́ ọnà olówùú góòlù ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù fi ń fi ipò wọn hàn. Ọkùnrin ará London kan tí wọ́n ń pè ní Beau Brummell, tí wọ́n bí ní 1778, wà lára àwọn tó yí i padà. Kóòtù tí kò ní ọ̀ṣọ́ ló ń wọ̀, ó sì kó gbogbo aájò rẹ̀ sórí aṣọ funfun tó ń wé mọ́ ọrùn: kí ó mọ́ tónítóní, kí wọ́n fi sítáàṣì sí i, kí ó dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ dúdú gba kóòtù alẹ́, tí ọlá sì ṣí lọ sára funfun. Aṣọ funfun kì í bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ẹni tí kò ní alágbàfọ̀ kò lè máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Wàhálà fífọ̀ yìí náà ló bí kọ́là tó ṣeé yọ. Ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York, ìtàn sọ pé ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Hannah Lord Montague gé kọ́là kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ní 1827, torí pé ọrùn nìkan ló máa ń dọ̀tí nígbà tí ara ṣẹ́ẹ̀tì ṣì mọ́. Ó fọ kọ́là náà, ó sì rán an padà sáyè rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ló sọ Troy di ibi tí ayé ń pè ní Ìlú Kọ́là. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ni wọ́n ń fọ kọ́là, tí wọ́n ń fi sítáàṣì sí i, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, nínú ooru omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù tó ń bó ni lọ́wọ́. Ní 1864, Kate Mullany kó wọn jọ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gba àfikún owó. Mo dárúkọ wọn torí pé alágbàfọ̀ ló ń parí iṣẹ́ tí télọ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì yìí, ẹni tó bá sì ń wọ̀ ọ́ yẹ kó mọ ọwọ́ tó ti là kọjá.

Kí wá ni ṣẹ́ẹ̀tì tó tọ́? Ọrùn rẹ̀ kò ní kọ́là; ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò níwájú àti lẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Kọ́là fúnra rẹ̀ dá wà, ó le gan-an, bọ́tìnnì kékeré méjì tó ṣeé yọ ni wọ́n sì fi ń mú un mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, èyí tó kúrú lẹ́yìn, èyí tó gùn níwájú. Kọ́là abìyẹ́ ni kó jẹ́, tí etí rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ síta, kí ìyẹ́ náà sì wà lẹ́yìn táì, kó má gorí rẹ̀. Kí ó ga débi tí yóò fi yọ lókè kọ́là kóòtù lẹ́yìn ọrùn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ gùn lè wọ èyí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kúrú yóò dín in kù. Àyà ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìṣẹ́po méjì tí wọ́n fi sítáàṣì sí kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Marcella, aṣọ òwú tí wọ́n hun tí ojú rẹ̀ fi ní ìlà wínníwínní tó yọ sókè, ló dára jù fún un, torí pé ó ń gba sítáàṣì sára ju aṣọ tí ojú rẹ̀ ń dán lọ. Ó sì bá wéskóòtù àti táì mu, nítorí marcella náà ni wọ́n fi ń rán wọn. Ẹ má gba èyí tí pọliẹ́sítà wà nínú rẹ̀, sítáàṣì kì í ràn mọ́ ọn dáadáa. Gígùn àyà líle yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú ti ń wá. Kò gbọ́dọ̀ wọnú ṣòkòtò. Bó bá gùn jù, bí ẹ bá ti jókòó nídìí tábìlì ni yóò ká kò, tí yóò sì ta jáde nínú wéskóòtù. Kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ dé abẹ́ okùn tó gbé ṣòkòtò kọ́ èjìká. Ojúlówó rẹ̀ máa ń ní ahọ́n aṣọ kékeré kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń de mọ́ ṣòkòtò nínú, kí gbogbo rẹ̀ má baà fò sókè. Etí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́po kan ṣoṣo, ó le, kọfílíǹkì ló ń pa á dé. Kì í ṣe irú èyí tí a ń ká padà. Ní ti bọ́tìnnì àyà, ẹyọ kan tàbí méjì tó bá hàn ti tó, funfun tàbí góòlù tí kò pariwo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tà kì í ṣe èyí. Wọ́n rán kọ́là abìyẹ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó kúrú, ó rọ̀. Kí àsè tó wọra, táì ti ń fà á wálẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ti sùn, táì fúnra rẹ̀ sì ti ń rìn kiri ọrùn. Àyà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ́ lọ́pọ̀ ìlà. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá rírọ̀, tí wọ́n ṣẹ́ àyà rẹ̀ báyìí, wà fún kóòtù àsè kúkúrú tí wọ́n ń wọ táì dúdú sí; Edward, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó jọba fún oṣù díẹ̀ ní 1936, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àṣà. Ó dára láyè tirẹ̀. Ìmúra méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, rírọ̀ ni èkínní fi ń ṣẹwà, líle ni èkejì fi ń ṣẹwà, àdàlù wọn kì í sì í gbé ọ̀kankan yọ.

Àwọn kan á ní kọ́là líle ń fún ni lọ́rùn, kò sì sí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ jìyà nítorí aṣọ. Lójú tèmi, ìwọ̀n tí kò tọ́ ló ń fún ni lọ́rùn ju líle lọ. Kọ́là gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀ ju ọ̀já ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì lọ kó lè jókòó lé e, kí ìka sì lè wọ àárín òun àti ọrùn. Ẹ̀rí wà nítòsí. Àwọn lọ́yà wa ń wọ kọ́là abìyẹ́ funfun sábẹ́ gáùn, pẹ̀lú aṣọ funfun pẹlẹbẹ méjì tó rọ̀ sílẹ̀ níwájú ọrùn àti wíìgì lórí. Nínú ooru Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ń dúró níwájú adájọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń fi ọrùn kan náà gbójú sókè sọ̀rọ̀. Àsè alẹ́ nínú gbọ̀ngàn tútù kò lè le ju ìyẹn lọ. Ní ti owó, mo gbà pé ṣẹ́ẹ̀tì yìí wọ́n, alágbàfọ̀ tó mọ̀ ọ́n sì ti ṣọ̀wọ́n; ó gbọ́dọ̀ rì í sínú sítáàṣì tó ki, kó lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, kó sì tẹ kọ́là náà ní rogodo kí ooru tó kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ló máa ń kọ́kọ́ gbó lára ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo. Níhìn-ín, kọ́là nìkan lẹ óò pààrọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì náà á sì máa bá yín lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àtakò mìíràn ni pé ta ni yóò wò ó. Gbogbo ayé ni. Ní oṣù kẹfà 2019, níbi àsè tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣe fún Ààrẹ Donald Trump ní ààfin Buckingham, wéskóòtù funfun ààrẹ náà gùn yọ lábẹ́ iwájú kóòtù rẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè alágbára ni, síbẹ̀ ìwọ̀nba aṣọ funfun yẹn di ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ibi funfun sì ni ojú ń kọ́kọ́ lọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ní kí ló kan ọmọ Yorùbá kan gbogbo èyí, nígbà tí agbádá wà. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Mojola Agbebi, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, bọ́ orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀ ní 1894, ó sì kọ aṣọ Òyìnbó sílẹ̀ láyé tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó ń wọ kóòtù bíi ti London. Níbi àsè Nobel ní Stockholm, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, aṣọ ìbílẹ̀ ẹni jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà bíi kóòtù onírù. Ẹni tó bá lè wọ sányán lọ, kó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò kàn án. Àmọ́ ọmọ wa tó ń ta fáólíìnì nínú ẹgbẹ́ olórin tó ní aṣọ àwọ̀ṣiṣẹ́ kò ní yíyàn yẹn, èyí tó ń lọ sí ijó Opernball ní Vienna sì lè fẹ́ bá wọn wọ tiwọn. Ohun tí kò dára ni kí a gba àṣà aláṣà tán kí a wá fi ìdajì ṣe é, bí ẹni wọ agbádá tí kò wọ ṣòkòtò sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé bá, ẹ wọn ọrùn yín kí ẹ tó wọn èjìká. Ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì marcella kan tó ní àyà líle àti kọ́là mẹ́ta, kí ẹ sì fún alágbàfọ̀ láyè ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kóòtù lọ.