ÀDÉHÙN TÍ KÒ NÍ ẸLẸ́RÌÍ, ÌWÉ LÁSÁN NI: Ẹ̀kọ́ láti Bouaké



Àwọn kan máa ń wí pé ọ̀rọ̀ dídín ohun ìjà kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé ti àwọn ààrẹ àti ọ̀gágun ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí a fi ń ra ohun ìjà, láti inú òógùn wa ni. Ọmọ tí ó ń pa, ọmọ wa ni. Nígbà tí Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1960, ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ wa? Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi lé aṣojú Faransé kúrò nílẹ̀ yìí ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1961. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìdúnàádúrà ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ta ni ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín àdéhùn tòótọ́ àti ìwé lásán jù wá lọ?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bouaké

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtòsí. Bouaké jẹ́ ìlú ńlá ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà, wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó wọn. Wọ́n bá ìjọba ṣe àdéhùn ní Linas-Marcoussis, nílẹ̀ Faransé, ní ọdún 2003. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní Accra ní oṣù Keje, ọdún 2004, èyí tí ó dá ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, fún ìbẹ̀rẹ̀ kíkó ohun ìjà sílẹ̀. Ọjọ́ pé, ẹnikẹ́ni kò kó ìbọn sílẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ìjọba ní kí ìbọn kọ́kọ́ wálẹ̀ ná. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní kí ìjọba kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn àwọn ní ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ òfurufú ogun ìjọba fi ń ju bọ́ǹbù sí Bouaké. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, bọ́ǹbù náà pa ọmọ ogun Faransé 9 àti ará Amẹ́ríkà kan.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Agbanisíṣẹ́ a ní kí a kọ́kọ́ fòpin sí ìyanṣẹ́lódì. Àwa a ní kí ó kọ́kọ́ sanwó. Bí a kò bá pín in sí ìgbésẹ̀, kí tọ̀tún tòsì jọ máa gbé e, ibi tí a wà náà ni a ó wà.

Àdéhùn Ouagadougou dé ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2007. Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún náà, Laurent Gbagbo àti Guillaume Soro jọ tiná bọ òkìtì ìbọn ní pápá ìṣeré Bouaké. Iná jó, ayé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn tí iná kò jó pọ̀ ju èyí tí ó jó lọ. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, ogun tún bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí tí ó lé ní 3,000. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, àwọn ọlọ̀tẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti di ọmọ ogun ìjọba yìnbọn sókè ní Bouaké nítorí owó tí a ṣèlérí fún wọn tí a kò san tán. Ohun ìjà tí kò sí nínú ìwé kankan sì jáde láti inú ilé tí a kó o pamọ́ sí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àwọn alágbára ayé ńkọ́?

Àwọn mìíràn yóò ní ìfọkàntán ni ó ṣe pàtàkì. Irọ́ ni. Reagan kò fọkàn tán Gorbachev nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Washington ní oṣù Kejìlá, ọdún 1987. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di ọdún 1991, Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì ti ba rọ́kẹ́ẹ̀tì 2,692 jẹ́. Kí ni àṣírí rẹ̀? Wọ́n kà wọ́n, wọ́n kọ iye wọn sílẹ̀, àwọn olùbẹ̀wò ìhà kìíní sì dúró ti ìhà kejì bí wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Nígbà tí a mú ojú kúrò ńkọ́? Àdéhùn yẹn kú ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019. Èyí tí ó kù láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, ìbẹ̀wò rẹ̀ dúró ní ọdún 2020, Rọ́ṣíà fà sẹ́yìn nínú rẹ̀ ní ọdún 2023, àkókò rẹ̀ sì parí ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 2026. Bẹ́ẹ̀ ni àdó olóró átọ́míìkì tí ó wà láyé ṣì lé ní 12,000, ọwọ́ àwọn méjì yìí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà.

Ohun tí a ń béèrè

1. Kí a ka ohun ìjà, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí a tó fi iná sí i.

2. Kí ẹlẹ́rìí wà tí ìhà méjèèjì gbà, tí kò sí ilẹ̀kùn tí a ó tì mọ́ ọn.

3. Kí ẹni tí ó kó ìbọn sílẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe, kí a sì san owó tí a bá ṣèlérí fún un.

Kí àwa náà sì lo òṣùwọ̀n yìí nínú ilé wa. Òfin owó oṣù ₦30,000 gba ìbuwọ́lùwé ní oṣù Kẹrin, ọdún 2019. Ọdún gorí ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan kò san án. Ìbuwọ́lùwé kọ́ ni òpin ìjà. Ibẹ̀ ni ìṣọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jíròrò èyí ní ìpàdé ẹ̀ka yín, kí ẹ sì yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ àdéhùn tí ẹ bá ṣe.